Ta Ni Yóò Gbé Apẹ̀rẹ̀?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe purọ́ mọ́ Ẹ̀ríolúwa Ògúnníyì, kò wá ọkọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Ọpẹ́ ló fẹ́ dá. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ọ̀kadà tó gùn bọ̀ láti Ajílété yọ̀ wọ inú kòtò. Ọ̀kadà náà bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ẹni tó wà á fi apá dá, ṣùgbọ́n bàtà ẹsẹ̀ kan péré ni Ẹ̀ríolúwa pàdánù níbẹ̀. Ẹni tó bá rí irú èyí tí kò dúpẹ́, ẹ bá mi bi í léèrè ohun tó kù tó ń dúró dè. Ó ra iṣu, ó ra ọsàn, ó mú àkùkọ kan tí ohùn rẹ̀ le ju ti àlùfáà lọ, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, ó wá ń retí ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹwàá ọdún 2019.

Nínú ìjọ wọn ní Ìlaro, ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ọjọ́ ìdúpẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ dúpẹ́ á jáde láti ẹnu ọ̀nà, á máa jó lọ síwájú pẹpẹ, tòun ti àwọn ará ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn tó dá ìjọ náà sílẹ̀ ló fi òfin yìí lélẹ̀, pé ọwọ́ ẹni tó ń dúpẹ́ gbọ́dọ̀ ṣófo kí ó lè nà án sókè sí Ọlọ́run, ẹlòmíràn ni yóò sì ru ẹrù tẹ̀ lé e. Ìyàwó ní ń gbé ti ọkọ, ọkọ ní ń gbé ti ìyàwó. Ẹni tí èkejì rẹ̀ bá ti kú, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tàbí ọkọ ọmọ rẹ̀ ni yóò gbé tirẹ̀. Ọmọge tí kò tíì lọ́kọ, bàbá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni yóò bá a gbé e. Bí ọkùnrin mìíràn bá gbé apẹ̀rẹ̀ ọmọge, gbogbo ìjọ ti mọ ohun tó ń sọ, kò sí pé wọ́n tún ń bi í léèrè.

Bàbá Ògúnníyì kò lè gbé ti ọmọ rẹ̀, nítorí òun ló ń tẹ dùùrù. Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀ríolúwa tó ń gbé ní Abẹ́òkúta ló ti ṣèlérí pé òun ń bọ̀. Àmọ́ láti oṣù kẹjọ tí ìjọba ti ti bodè, ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà ti pọ̀ débi pé ẹni tó kúrò nílé láàárọ̀ kò lè fọwọ́ sọ̀yà ìgbà tí yóò dé ibi tó ń lọ. Wọ́n pe orúkọ Ẹ̀ríolúwa, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tíì dé. Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ orin, ìjọ ti dìde, àkùkọ ń ké. Ẹ̀ríolúwa wo ọ̀tún, ó wo òsì, ojú tì í, ló bá bẹ̀rẹ̀ láti gbé apẹ̀rẹ̀ náà fúnra rẹ̀.

Ọwọ́ kan ti ṣáájú tirẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ga, tó dúdú, tí epo ẹ́ńjìnnì ṣì wà létí èékánná rẹ̀, ti gbé apẹ̀rẹ̀ náà lé èjìká.

"Ẹ máa lọ níwájú, àǹtí," ló wí. "Ó wúwo jù fún yín."

Mẹkáníìkì ni. Jẹnẹrétọ̀ ìjọ tó kọ̀ láti ṣiṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n pè é wá tún ṣe, ìdí nìyẹn tó fi wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀ríolúwa ì bá ti dá a dúró, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń jó kí ẹnu rẹ̀ tó rí ohun tí yóò sọ.

Wọn kò tíì rìn dé ìdajì ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn ìyá ìjọ fi bú sáyọ̀. Ìyá kan tú gèlè, ó ń fi gbálẹ̀ níwájú wọn. Àwọn akọrin fi orin ìdúpẹ́ sílẹ̀, wọ́n bọ́ sórí orin ìgbéyàwó. Ọkùnrin náà rò pé bí wọ́n ṣe ń yọ̀ fún gbogbo ènìyàn nìyẹn, ló bá ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń kí wọn lọ́tùn-ún lósì, àkùkọ lórí èjìká rẹ̀ náà ń dáhùn. Ẹni kan ṣoṣo tí inú rẹ̀ kò dùn ni Bàbá Ògúnníyì. Dùùrù ṣi ohùn lẹ́ẹ̀mẹta, irú èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí láti ọjọ́ tó ti ń tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn ìsìn, Àǹtí Dinah, àbúrò Bàbá Ògúnníyì, ló pe ọkùnrin náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní kí ó kọ́kọ́ jókòó. Nígbà tó ṣàlàyé ohun tí gbígbé apẹ̀rẹ̀ ọmọge túmọ̀ sí fún un tán, Ọmọ́délé Akínladé, nítorí orúkọ rẹ̀ nìyẹn, di orí mú. Ó ní ṣọ́ọ̀ṣì Fàdá ni wọ́n ti tọ́ òun dàgbà ní Ìgólò, lódìkejì bodè, àti pé níbẹ̀, ẹrù tó bá wúwo, ẹni tó bá lágbára ló ń gbé e, ọ̀rọ̀ tán. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Ògúnníyì, Bàbá sì dá a lóhùn pé ó dára, láìwò ó lójú. Lẹ́yìn náà ló wá Ẹ̀ríolúwa lọ sí abẹ́ igi máńgòrò ìta.

Ẹ̀ríolúwa ti múra sílẹ̀ láti fi ìbínú kí i. Ó ti to ọ̀rọ̀ jọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i bó ṣe dúró, tó di ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ ilé ìwé tó fọ́ fèrèsé, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ ṣáà ti gbé e débẹ̀," ló wí. "Àkùkọ kò sá lọ, ọsàn kan kò sì já bọ́."

Ọmọ́délé náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ríolúwa rí i pé àlàfo kékeré kan wà láàárín eyín rẹ̀, ó sì bínú sí ara rẹ̀ pé òun rí i.

Ẹ̀ríolúwa ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì tó ti ń ta oògùn nítòsí ọjà. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Ọmọ́délé gé ìka, ó wá ra báńdéèjì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún gé òmíràn. Ẹnu bodè ní Ìdí-Ìrókò ló ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, àmọ́ nígbà tí wọ́n ti bodè pa, ọkọ̀ akẹ́rù kò wá mọ́, ó sì kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Ìbẹ̀sè níbi tí ọkọ̀ sìmẹ́ńtì kì í ti í tán lójú ọ̀nà. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé Ìbẹ̀sè ní kẹ́míìsì tirẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Ẹ̀ríolúwa ní kí ó na ọwọ́ kí òun bá a wẹ egbò náà. Ọmọ́délé ní kò pọn dandan. Ẹ̀ríolúwa tú báńdéèjì náà fúnra rẹ̀, kò sí egbò kankan níbẹ̀.

"Kí ni orúkọ àìsàn yìí?" ló bi í.

"Ẹ̀yin lẹ ń ta oògùn," ni Ọmọ́délé wí, "ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

Ní oṣù Kérésì, "ẹ" ti kúrò láàárín wọn, "ìwọ" ni wọ́n ń pe ara wọn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, Ọmọ́délé rán Àǹtí Dinah sí Bàbá Ògúnníyì. Àǹtí Dinah fẹ́ràn iṣẹ́ alárenà dọ́kàn, ó ti so ènìyàn mẹ́fà pọ̀, ẹ̀rù kì í bà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí, ó ní kí ẹ jẹ́ kí òun kọ́kọ́ mu omi.

Bàbá Ògúnníyì fi sùúrù gbọ́ ọ. Ó ní òun kò kórìíra ọmọ náà. Ohun méjì ló sọ. Èkíní, òun kò mọ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ìyá rẹ̀, tí í ṣe òbí kan ṣoṣo tó kù fún un, wà ní òdìkejì bodè, bodè sì wà ní títì. Bí àwọn kan bá ń gba ọ̀nà inú igbó kọjá, ìyẹn kan àwọn yẹn. Ẹni tí yóò fẹ́ ọmọ òun, àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò gba ojú títì wá, lójú mọmọ. Èkejì ló dùn ún jù. Ó ní láti oṣù mẹ́ta tí ọmọkùnrin náà ti ń wá sí ìjọ wọn, òun ti ń wò ó láti orí dùùrù. Kì í kọrin. Kì í jó. Kò jáde dúpẹ́ rí, àyàfi ọjọ́ tó bá ẹni ẹlẹ́ni gbé apẹ̀rẹ̀.

"Kí ó jáde níwájú ìjọ," ni Bàbá wí, "kí gbogbo wa gbọ́ ohun tí Ọlọ́run ṣe fún un. Ẹni tí kò rí ohun kan dúpẹ́ lé lórí láyé rẹ̀, ṣé ọmọ mi ni yóò wá rí?"

Ẹ̀ríolúwa wà nínú ilé ìdáná, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Lókè orí rẹ̀ ni wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ ìyá rẹ̀ kọ́ sórí ìṣó. Ọdún kẹfà rèé tí ìyá náà ti kú, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan apẹ̀rẹ̀ náà. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ń nu eruku ara rẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Ẹ̀ríolúwa rò ó pé ohun tí Bàbá béèrè kò le. Èkíní wà lọ́wọ́ ìjọba, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i, ṣùgbọ́n èkejì kò ju kí Ọmọ́délé jáde, kí ó jó díẹ̀, kí ó sọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ. Inú rẹ̀ tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Ó ti ń ronú irú àkùkọ tí yóò bá a rà.

Ọmọ́délé ní òun kò ní ṣe é.

Wọ́n jókòó sẹ́yìn kẹ́míìsì lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ẹ̀ríolúwa rò pé eré ló ń ṣe, ó tún un sọ. Ọmọ́délé mi orí.

"Kì í ṣe pé n kò mọ oore Ọlọ́run," ló wí. "Abẹ́ ọkọ̀ ni mo ti ń bá a sọ̀rọ̀. Tí ẹ́ńjìnnì tó ti kú bá jí, màá sọ pé, Bàbá, o ṣé. Ṣé ìyẹn kì í ṣe ìyìn ni?"

"Ìyìn ni. Ta ló gbọ́ ọ?"

"Ẹni tí mò ń bá wí gbọ́."

"Àwa náà fẹ́ gbọ́," ni Ẹ̀ríolúwa wí. "Ọlọ́run kọ́ ló nílò ariwo wa, Délé. Àwa la nílò rẹ̀. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí n kò ní rí oore kankan nínú ayé tèmi, lọ́jọ́ náà, tìrẹ tí mo gbọ́ ni n óò máa fi rántí pé ó ṣì ń ṣe é."

Ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà wọ Ọmọ́délé lára. Síbẹ̀, ohun tó sọ ni pé, "Bó bá jẹ́ pé wọn kò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi ni, bóyá. Ìdúpẹ́ tí mo bá fi gba ìyàwó, owó orí ni, kì í ṣe ìdúpẹ́. N kò lè dúró níwájú Ọlọ́run kí n máa fi ojú kan wo bàbá rẹ."

Ìbínú gbé Ẹ̀ríolúwa. Ó ní ṣé òun kò wá tó ẹni tí ènìyàn lè torí rẹ̀ jó fún ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ó ní kí ó máa lọ sábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, kí ó lọ fẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ọmọ́délé dìde, ó kí i pé ó dàárọ̀ nígbà tó jẹ́ pé ọ̀sán ni, ó sì lọ. Nígbà tó lọ tán ni Ẹ̀ríolúwa rí i pé òun kò lè sọ pé ó jẹ̀bi, ìyẹn ló tún bí i nínú jù. Ó fẹ́ ọkùnrin yìí, ó sì fẹ́ kí ọwọ́ bàbá òun wà lórí òun lọ́jọ́ tí òun bá ń lọ sílé ọkọ. Méjèèjì ló fẹ́, kò fẹ́ fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni àrùn kòrónà dé, tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ti ọjà, tí gbogbo ayé wá dà bí bodè. Oṣù mẹ́ta ni wọn kò fi gbúròó ara wọn, àfi nípasẹ̀ Àǹtí Dinah tó ń pe méjèèjì lórí fóònù, tó ń jẹ́ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Yóò sọ fún Ẹ̀ríolúwa pé Ọmọ́délé ti rù. Yóò sọ fún Ọmọ́délé pé Ẹ̀ríolúwa ń sunkún. Irọ́ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí òótọ́.

Nígbà tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀ṣì padà, Bàbá Ògúnníyì mú kọ́kọ́rọ́ ní Sátidé, ó lọ gbọ́ ohùn dùùrù rẹ̀. Dùùrù àtijọ́ ni, irú èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ nísàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú àpò rẹ̀. Bàbá tẹ̀ ẹ́, kò dún. Ekúté ti jẹ awọ àpò afẹ́fẹ́ náà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Bàbá padà sílé, ó ròyìn rẹ̀, kò sì jẹun. Àǹtí Dinah ló wo ọ̀rọ̀ náà sùn-ùn, kò bi ẹnikẹ́ni, ló bá pe Ìbẹ̀sè.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọmọ́délé dé pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ àti rọ́bà inú táyà ọkọ̀ akẹ́rù. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń gé rọ́bà, tó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, tó tún ń tú u. Ní ọjọ́ kẹta, Ẹ̀ríolúwa gbé omi lọ fún un. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé nítorí ìjọ ni. Ibẹ̀ ni Bàbá Ògúnníyì bá àwọn méjèèjì, Ọmọ́délé dùbúlẹ̀ sábẹ́ dùùrù, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló hàn.

Bàbá kò bínú. Ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé e, ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn jáde, ó kún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó tẹ orin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lẹ́yìn náà ló bi Ọmọ́délé ohun tó fẹ́ gbà.

"Kò sí, sà. Ti ìjọ ni."

"O mọ̀ pé èyí kò yí ọ̀rọ̀ ọjọ́sí padà."

"Mo mọ̀, sà. N kò tìtorí rẹ̀ ṣe é." Ọmọ́délé nu ọwọ́ sára àkísà, ó nu ún pẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ìbéèrè kan ni. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń wá síbí ni mò ń rí i tí ẹ ń tẹ̀ ẹ́ fún ẹni tó ń dúpẹ́. Ta ló ń tẹ̀ ẹ́ fún yín?"

Ẹ̀ríolúwa rò pé ilé yóò wó. Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí dùùrù.

"Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n tẹ̀," ló wí.

Kì í ṣe òótọ́. Láti ìgbà tí Ẹ̀ríolúwa ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Bàbá ti ń kọ́ ọ ní dùùrù yìí gan-an. Bàbá bojú wò ó, ó mọ̀ pé ó mọ̀. Ẹ̀ríolúwa gbé ife omi, ó jáde.

Abẹ́ máńgòrò ni Ọmọ́délé bá a. Ibẹ̀ ni Ẹ̀ríolúwa ti sọ fún un nípa apẹ̀rẹ̀ tó wà lórí ìṣó. Ìyá rẹ̀ ló máa ń gbé apẹ̀rẹ̀ Bàbá ní gbogbo ọdún, bí Bàbá bá sì ti fẹ́ jáde, Ẹ̀ríolúwa á bọ́ sídìí dùùrù. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyá náà, Bàbá kò fi ìdí dùùrù sílẹ̀ mọ́. Gbogbo ìjọ rò pé nítorí iṣẹ́ Ọlọ́run ni.

"Bàbá rẹ ń tẹ ìdúpẹ́ fún gbogbo ayé," ni Ọmọ́délé wí jẹ́ẹ́, "ìdúpẹ́ tirẹ̀ sì há sí i nínú."

"Ìwọ náà ńkọ́?"

"Èmi náà." Ó wo ilẹ̀. "Èmi náà, Ẹ̀rí. Mo gbọ́ ohun tí o sọ lọ́jọ́sí. N kò lè ṣe é fún bàbá rẹ, ṣùgbọ́n n kò ní sọ mọ́ pé kò sí ẹni tó nílò láti gbọ́."

Ìfẹ́ tún padà dé láìsí pé ẹnikẹ́ni bẹ ẹnikẹ́ni. Ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ná.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Bàbá Ògúnníyì sọ fún Àǹtí Dinah pé kí ó gba nọ́ńbà ìyá ọmọ náà fún òun. Ó ní ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ yẹn, òun ti fi sílẹ̀, kò yẹ kí òun béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ojú títì ṣì dúró. Ó pe ìyá Ọmọ́délé, Ìyá Ọ̀ṣúnkẹ́mi, ní Ìgólò lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, ó fi fóònù sórí tábìlì kí gbogbo ilé lè gbọ́, ó sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ojú títì náà fún un bí ẹni tó ń ka lẹ́tà. Ẹ̀ríolúwa ń retí ìjà.

"Mẹ̀sí, Bàbá Ìyàwó," ni obìnrin náà dáhùn, ó fi èdè Faransé dúpẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe lọ́hùn-ún. "Bí ẹ kò bá tilẹ̀ sọ ọ́, èmi fúnra mi ni ǹ bá sọ ọ́. Orúnkún mi kò gba ọ̀kadà inú igbó, ojú mi náà kò sì gbà á. Ṣé ewúrẹ́ ni mo fẹ́ wá jí ni? Ẹ bá mi tọ́jú àwọn ọmọ náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí bodè, ojú títì ni n óò gbà."

Bàbá Ògúnníyì rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò tíì jẹ́ Bàbá Ìyàwó o. Ìyá Ọ̀ṣúnkẹ́mi ní òun gbọ́, mẹ̀sí. Láti ìgbà náà, wọ́n di ọ̀rẹ́ orí fóònù, ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, wọn a máa sọ̀rọ̀ nípa orúnkún àti òjò.

Wọ́n dúró. Ó rọrùn láti kọ, kò rọrùn láti ṣe. Lópin ọdún náà, ìjọba ṣí àwọn bodè kan, wọn kò ṣí ti Ìdí-Ìrókò. Ẹ̀ríolúwa pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ọmọ, wọ́n ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ṣé aṣọ́bodè ló fẹ́ fẹ́ ni. Àwọn ọjọ́ kan wà tó ń jí láàárọ̀ tí kò rí oore kankan, gẹ́gẹ́ bó ti sọ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, Ọmọ́délé á pè é láti Ìbẹ̀sè, á sọ ọkọ̀ tó jí lọ́jọ́ náà fún un, àti ohun tó sọ fún Ọlọ́run lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ríolúwa á gbọ́, á sì dìde lọ ṣí kẹ́míìsì.

Ìparí oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n ṣí Ìdí-Ìrókò. Ní Sátidé, Ìyá Ọ̀ṣúnkẹ́mi gba ojú títì wá, nínú mọ́tò tí Ọmọ́délé yá, òun àti àbúrò rẹ̀ méjì. Ó kúrú, ó sanra, ó ń fi ọ̀pá rìn, ó sì ń sọ mẹ̀sí fún gbogbo ohun tó bá rí, títí kan ewúrẹ́ tó yà fún un lọ́nà. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n tọrọ ọmọ, wọ́n gbé ẹ̀bùn kalẹ̀. Bàbá Ògúnníyì tẹ́tí sí wọn dé òpin.

"A ti gbọ́," ló wí. "Lọ́la ni ẹ óò gbọ́ èsì, ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Àǹtí Dinah fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́ lórí àga. Ó ní ṣé ọdún méjì àti àbọ̀ kò tó ni. Bàbá ní lọ́la ni òun wí. Ẹ̀ríolúwa kò lè jẹ ẹ̀bà rẹ̀. Bóyá Bàbá tún fẹ́ kí Ọmọ́délé jáde sọ̀rọ̀ ni, bóyá ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ní òwúrọ̀, ó wọ ilé ìdáná láti dáná, ó bojú wòkè. Ìṣó nìkan ló wà lára ògiri.

Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù karùn-ún ni. Ọmọ́délé àti ìyá rẹ̀ jókòó lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Wọ́n ti dúpẹ́ ọmọ tuntun, wọ́n ti dúpẹ́ ilé tuntun, àlùfáà bi wọ́n bóyá ó ku ẹnìkan. Dùùrù dákẹ́. Bàbá Ògúnníyì dìde, ó na ìka sí ọmọ rẹ̀ láàárín akọrin, ó fi orí júwe ìjókòó tó ṣófo. Ẹ̀ríolúwa lọ jókòó sídìí dùùrù.

Bàbá rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà. Gbogbo ìjọ yí ọrùn. Apẹ̀rẹ̀ ìyá wà nílẹ̀ níbẹ̀, iṣu àti àgbàdo tútù kún inú rẹ̀. Bàbá dúró tì í, ó dojú kọ pẹpẹ.

"Ọgbọ̀n ọdún ni Ọlọ́run fi obìnrin rere kan fún mi," ló wí, ohùn rẹ̀ kò sì mì. "Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń bá a bínú pé ó gbà á padà, n kò sì dúpẹ́ ọgbọ̀n náà. Mo fẹ́ dúpẹ́ rẹ̀ lónìí."

Bàbá kò gbé apẹ̀rẹ̀ náà, òfin kò gbà á. Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀ríolúwa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, Bàbá gbé ọwọ́ sí i pé kí ó jókòó. Ó wá yíjú sí ìjókòó ẹ̀yìn.

"Ọmọ́délé."

Ọmọ́délé dìde. Ó wo apẹ̀rẹ̀, ó wo Bàbá, ó wo Ẹ̀ríolúwa nídìí dùùrù lọ́hùn-ún, kò rìn.

"Ìgbà tó kọjá, o kò mọ̀," ni Bàbá Ògúnníyì wí. "Ní báyìí, o mọ̀. Gbé e."

Ọmọ́délé gbé e. Èjìká kan náà ló gbé e lé. Ìyá Ọ̀ṣúnkẹ́mi ní mẹ̀sí, ó sọ ọ́ sókè, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ìyá ìjọ sì bú sáyọ̀. Ẹ̀ríolúwa tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, rọ́bà táyà kó afẹ́fẹ́ sínú, orin bẹ̀rẹ̀. Láàárín orin náà ló gbọ́ ohùn kan tí kò bá ti ẹnikẹ́ni mu, tó ga níbi tó yẹ kó wálẹ̀, tó pẹ́ lẹ́yìn gbogbo ìjọ. Ọmọ́délé ló ń kọrin. Kò sí ẹni tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là gbàgà, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, àlàfo eyín rẹ̀ hàn dé pẹpẹ.

Dùùrù ṣi ohùn lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá Ògúnníyì gbọ́ ọ, ó ń jó bọ̀, kò bojú wẹ̀yìn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lókè.